Owó Tó Yẹ Mẹkáníìkì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìròyìn yín lórí owó oṣù àwọn ẹnjiníà. Lóòótọ́ ni owó wọn kéré, ṣùgbọ́n kò dára bí ẹ ṣe yọ mẹkáníìkì sílẹ̀. Owó gidi tọ́ sí àwọn náà.

Ọdún 5 ni ẹnjiníà ń lò ní yunifásítì, yóò tún ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà kí COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá kú lóru ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ta ni à ń pè? Ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ti kábúrétọ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń po bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, mọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń darí bẹntiróòlù inú rẹ̀. Ọ̀gá tó ń fetí mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì, tó tún mọ ẹ̀rọ ayẹ̀wò lò, ọpọlọ ló fi ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, à ń ná an bí ẹni ń ra tòmátì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní owó ìfẹ̀yìntì.

Kí àwọn ilé iṣẹ́ ka ìwé ẹ̀rí tirédì tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìdánwò ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, sí nígbà tí wọ́n bá ń pinnu owó oṣù. Ọmọbìnrin mi ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Mo fẹ́ kó rí jẹ nídìí rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ kan, Ìjẹ̀bú-Òde