Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Yéé Sáré Fíláàṣì Fóònù Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti Ilé-Ifẹ̀ tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní fóònù Android kì í lò ju ọdún kan lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í háàngì, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni òun máa ń gbé tòun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe kí wọ́n bá òun fíláàṣì ẹ̀ (ìyẹn, kí wọ́n rẹ́ gbogbo ohun inú ẹ̀ nù kó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun). Ó wá gba gbogbo wa nímọ̀ràn pé ká máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, àyà mi já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí síbi tí àwọn tó ka tiẹ̀ á ti rí i, nítorí irú ìmọ̀ràn yẹn ni mo tẹ̀ lé tí mo fi pàdánù ohun tí owó kò lè rà padà.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìsọ̀kún, níbí ní Iléṣà, ni mò ń gbé. Ọkọ mi ṣaláìsí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tó wà láyé, iṣẹ́ gbé e lọ sí Àbújá, àmọ́ kì í jẹ́ kí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kọjá kó tó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Á kọ́kọ́ fi oríkì pè mí, á béèrè bóyá mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, á wá sọ ohun tó jẹ lálẹ́ àná. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra nínú fóònù mi. Fóònù tirẹ̀ ti sọnù kó tó kú, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi nìkan ni wọ́n kù sí. Lẹ́yìn tó lọ, mo máa ń gbọ́ ọ̀kan láràárọ̀ kí n tó dìde lórí ibùsùn.

Nígbà tó yá, fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Bí mo bá tẹ nǹkan, mo lè lọ gbé omi kaná kí n tó padà bá a pé ó ti ṣí. Ó ń kọ ọ́ sójú pé àyè ti kún. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lágbègbè ọjà Àtàkúnmọ́sà. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò yẹ̀ ẹ́ wò tó ìṣẹ́jú kan tó fi sọ pé, "Mà, ẹ jẹ́ ká fíláàṣì ẹ̀, á dà bí tuntun. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni." Mo bi í bóyá nǹkan inú ẹ̀ kò ní sọnù. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Mà." Mo sanwó, mo sì jókòó dè é.

Ó dà bí tuntun lóòótọ́. Kò sí ohùn kankan nínú ẹ̀ mọ́.

Èyí tó tún burú ni pé nígbà tí wọ́n tàn án, ó ní àfi kí n fi Gmail tí mo ti ń lò lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọlé. Gmail wo? Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé lọ́jọ́ tí mo ra fóònù náà, ẹni tó tà á fún mi ló bá mi ṣí Gmail, òun náà ló bá mi gbé WhatsApp sórí ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ wàrà wàrà, ó ní, "Ó ti parí, Màmá." Kò kọ orúkọ Gmail náà sílẹ̀ fún mi, kò sọ password, bẹ́ẹ̀ ni kò fi nọ́ńbà mi sí i. Nígbà tí mo padà lọ wá a, ẹlòmíràn ló ti ń ta bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Àwọn tó fíláàṣì fóònù náà tún gba ẹgbẹ̀rún méje náírà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó rí i ṣí.

Mo ti rò pé fóònù ló ń ṣe agídí, àṣé ìdènà olè ni. Láti ọdún 2015, nígbà tí Android 5.1, ẹ̀yà kan nínú ètò tó ń darí fóònù wa, jáde, ni Google ti fi sí i: ẹni tó bá jí fóònù, tó sì rẹ́ gbogbo ohun inú ẹ̀ nù, kò ní rọrùn fún un láti lò ó láìmọ Gmail onífóònù àti password ẹ̀. Ètò tó dáa ni. Àmọ́ èèyàn mélòó ló wà nínú ìlú yìí tó mọ Gmail tó wà lórí fóònù ara rẹ̀? Mo bi àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì léèrè, àwa mẹ́tàdínlógún. Méjì péré ló mọ tiwọn.

Ọmọ àbúrò mi, tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ló wá bá mi tú u wò. Mo ní kó bá mi wá ohùn yẹn jáde, ó ní kò ṣe é ṣe mọ́. Fóònù òde òní máa ń ti ohun inú ẹ̀ mọ́ra bí ìgbà tí èèyàn ti àpótí; bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ, kọ́kọ́rọ́ àpótí náà ló kọ́kọ́ ń ṣègbé. Ó wá bi mí bóyá WhatsApp mi ń ṣe backup. Mo rántí pé mo máa ń rí i lójú fóònù lóru pé ó ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní á jẹ́ pé ẹ̀dà ohùn wọ̀nyẹn ṣeé ṣe kó wà lọ́dọ̀ Google, nínú Gmail tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ orúkọ ẹ̀. Google sì ti kéde ní 2023 pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí fún ọdún méjì, àwọn lè pa á rẹ́.

Ohun tó wá dùn mí wọ egungun ni pé fóònù yẹn kò ṣàìsàn tó gba fíláàṣì rárá. Fíláàṣì ni kí wọ́n rẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú fóònù, kí wọ́n tún Android gbé sínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fíláàṣì ní irú fóònù tó yẹ fún: èyí tó bá ń tàn, tó ń kú, tí kò kọjá ibi àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Tèmi ń ṣiṣẹ́. Ó kún ni. Fóònù 16GB ni, Android fúnra ẹ̀ àti àwọn áàpù tó bá a wá ti gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyókù, fídíò ni: fídíò ìsìnkú, fídíò àdúrà òru, fídíò ẹni tó ń se gbẹ̀gìrì, tí ẹgbẹ́ mẹ́fà tí mo wà lórí WhatsApp ń fi ránṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí fóònù ń gbà sílẹ̀ láìbi mí. Gbogbo ohùn ọkọ mi pátá kò lè gba àyè tó mélòó kan nínú fídíò wọ̀nyẹn. Ohun tí a lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbá kúrò nílẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ wó ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí fóònù yín ń lọ́ra, kí ẹ tó gbé e lọ síbìkankan, ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Bí kò bá yí padà, ẹ ṣí WhatsApp, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ wọ Settings, kí ẹ wọ Storage and data, lẹ́yìn náà Manage storage. Á kó gbogbo èyí tó ju 5MB lọ síwájú yín, á tún kó àwọn tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ káàkiri lọ́pọ̀ ìgbà sọ́tọ̀. Ẹ pa èyí tí ẹ kò fẹ́. Ojú Storage and data kan náà ni Media auto-download wà. Ẹ yọ fídíò kúrò níbẹ̀, kó má máa gba nǹkan sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣe èyí fún fóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àyè tó lé ní 9GB ló yọ.

Ẹ jẹ́ kí n yára kìlọ̀ nǹkan kan. Nínú Settings fóònù, tí ẹ bá wọ Apps tí ẹ tẹ orúkọ áàpù kan, ẹ ó rí Clear cache àti Clear data. Lórí àwọn fóònù míì, Clear storage ni wọ́n kọ dípò Clear data. Clear cache kò léwu. Ìdọ̀tí tí áàpù kó jọ fún ìrọ̀rùn ara ẹ̀ ló ń gbá. Èkejì ń pa ohun tó jẹ́ tiyín. Ẹ má fọwọ́ kàn án lórí WhatsApp láé.

Bó bá jẹ́ ìpolówó ọjà ló ń yọ sójú fóònù yín ṣáá, tàbí tó ń gbóná láìṣiṣẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń pa á. Nígbà tí Power off bá jáde, ẹ tẹ ìyẹn mọ́lẹ̀ pẹ́ títí á fi béèrè nípa Safe mode. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ló ń gba ọ̀nà yìí. Nínú Safe mode, gbogbo áàpù tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé sí i á sùn. Bí ara fóònù bá wá yá, ọ̀kan nínú áàpù wọ̀nyẹn ni ọ̀daràn, ẹ yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí ẹ gbé sí i kẹ́yìn.

Ti ṣájà tí kò wọlé, ẹ kọ́kọ́ yá wáyà ẹlòmíràn wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa fóònù kí ẹ fi igi ìtayín tó gbẹ yọ eruku inú ojú ihò ẹ̀ jẹ́jẹ́; ẹ má fi abẹ́rẹ́ ṣe é. Nígbà ọyẹ́, owú àpò àti eruku ló sábà ń dí i. Àmọ́ bí ẹ̀yìn fóònù bá wú, bátìrì ni, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ṣájà sí i mọ́, ẹ gbé e jáde nínú yàrá.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun, ẹ̀ ń gbìyànjú, Ọlọ́run á máa pèsè fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ra fóònù fún wa, ẹ má ra èyí tí àyè inú ẹ̀ kò tó 64GB, kódà bó jẹ́ pé kámẹ́rà ẹ̀ kò dára púpọ̀. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ tẹ *#06# kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù tó máa yọ, tó jẹ́ ẹyọ òǹkà 15, bá ti ara páálí mu. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á rẹ́ ẹ níṣojú yín, kí ẹ rí i pé kò béèrè Gmail ẹlòmíràn nígbà tó tàn padà. Ẹ yẹ ọjọ́ orí ẹ̀ wò pẹ̀lú: láti oṣù kìíní ọdún 2025, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí fóònù tí Android ẹ̀ kò tó 5. Kí ẹ tó padà, ẹ jókòó ti màmá yín fún wákàtí kan. Ẹ ṣí Gmail lójú wọn, ẹ fi nọ́ńbà wọn àti tiyín sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kíkọ sílẹ̀ yìí kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàálò ni bàbá mi, títí dé òkè Ọya ló ta aṣọ láwìn dé. Ó ní ìwé kékeré kan tó máa ń wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀; orúkọ gbogbo onígbèsè, iye tó kù, ọjọ́ tí wọ́n dá, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó máa ń sọ fún ìyá wa pé bí iná bá jó ilé, ìwé yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé. Èmi náà ti ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ báyìí. Inú ẹ̀ ni Gmail mi wà àti password ẹ̀, kò sì jáde nílé. (Orí fóònù tuntun ni mo ti tẹ lẹ́tà yìí o, pẹ̀lú àmì ohùn àti ìsàmìsábẹ́ tó pé. Gboard tó wà lórí ẹ̀ mọ Yorùbá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ kò ní àwáwí mọ́.)

Sí ẹ̀yin tó ń tún fóònù ṣe, mi ò bá yín jà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó níyì lẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ tó fíláàṣì fóònù ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún un ní èdè tó gbọ́ pé gbogbo ohun inú ẹ̀ máa lọ. Ẹ bi í ní Gmail ẹ̀. Ẹ bi í bóyá àwòrán tàbí ohùn òkú kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn, kí ẹ bá a fi ránṣẹ́ sí email ẹ̀ tàbí sórí fóònù ọmọ ẹ̀. Kí ó fọwọ́ sí i lórí rìsíìtì pé òun gbọ́. Bí wọ́n bá bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti gbé fóònù mi kúrò níbẹ̀.

Ní ti ẹni tó ta fóònù yẹn fún mi, bó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, mi ò wá ẹjọ́. Kó ṣáà bá mi rántí orúkọ tó fi ṣí Gmail fún ìyá kan tó wọ àǹkárá aláwọ̀ ewé, tó ra fóònù dúdú, tó ní kó bá òun fi orin Kérésì ṣe ìró ìpè. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ti lọ nínú ọdún méjì tí Google fún wa.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́bìnrin fẹ̀yìntì kan,
Ìsọ̀kún, Iléṣà.