Káńsù gbé iṣẹ́ jáde, ó gbé ojú rẹ̀ náà jáde

Sí Olóòtú,

Okun o. Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú làálàá. Bí lẹ́tà yìí bá gùn jù, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe wolé-wolé, àwa wolé-wolé kì í sì í kọ ohun tí a rí ní kúkúrú. Mo wọṣẹ́ káńsù ní 1984, nígbà tí ìjọba Buhari àti Idiagbon ń fi pàṣán kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń tò sórí ìlà, tí Ìpínlẹ̀ Kwara ṣì ni wá. Mo fẹ̀yìntì ní 2017.

N kò ní dárúkọ ìlú mi. Ẹni tó bá ti Kàbà ń lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tó bá sì mọ ilẹ̀ Okun yóò mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ nípa iṣẹ́ ìlú tí káńsù ń gbé fún kọngílá kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. N kò ní dárúkọ káńsù pẹ̀lú. Kì í ṣe ẹ̀rù ló bà mí. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni kò tíì pé lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo yà sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ata gbígbẹ. Kí n tó kí i tán, ó ti na bébà méjì sí mi. "Bàbá wolé-wolé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, èwo ni ti ìjọba níbẹ̀?" Ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ó ní nọ́ńbà lórí. Èkejì funfun, kò ní nọ́ńbà, kò lórúkọ káńsù, kò ní ohunkóhun ju ₦100 lọ, àti ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tó túmọ̀ sí ìmọ́tótó. Ibi tí ìyá yìí pàtẹ sí kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí òkìtì pàntí kan tí háhá àgbàdo, ìyẹ́ adìẹ àti ọ̀rá ti jẹrà pọ̀ nínú rẹ̀. Omi dúdú kan ń yọ́ bọ̀ lábẹ́ òkìtì náà, ó ti dé ìdí agbọ̀n ata. Ó fi bíríkì méjì gbé agbọ̀n sókè. Aago mẹ́wàá kò tíì lù, obìnrin yìí ti sanwó ìmọ́tótó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo pe ọmọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì náà.

"Ọmọ mi, ta lo ń gba owó yìí fún?"

"Kọngílá wa ni, Bàbá."

"Níbo ló ń gbé?"

"Lọ́kọ́ja ni, sà."

"Ìgbà wo wá ni yóò kó pàntí yìí?"

Ó wojú mi bí ẹni pé mo sọ Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ ibòmíràn sí i. "Bàbá, ìyẹn kì í ṣe tiwa o. Kọngílá mìíràn ló ni pàntí. Tiwa ni ká gbowó."

Olóòtú, láti ọjọ́ náà ni oorun kò ti kùn mí. Ẹnì kan gba owó ìmọ́tótó, ẹlòmíràn ni yóò ṣe ìmọ́tótó, àwọn méjèèjì kò mọra, ìyá aláta kò sì mọ ìkankan nínú wọn.

Òfin ìlú kò fi ọ̀rọ̀ yìí sókùnkùn. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, itẹ́ òkú, gọ́tà, kíkó pàntí. Kò sọ pé òṣìṣẹ́ káńsù fúnra rẹ̀ ni kó máa di ìgbálẹ̀ mú. N kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo bá wọn gbé nígbà tí káńsù ń gbálẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì mọ iye orúkọ tó wà nínú ìwé owó oṣù àwọn agbálẹ̀ tí n kò rí ojú ẹni tó ni ín rí, tí owó oṣù wọn kì í sì í pẹ́ dé. Torí náà, ẹni tó bá ní ká kó gbogbo iṣẹ́ padà sí ọwọ́ káńsù, ó ti gbàgbé ohun tí ojú rí nígbà náà ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí kọngílá owó ọjà ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ọ́n. Káńsù á sọ fún ọkùnrin kan pé, "Máa mú iye báyìí wá lóṣooṣù." Ohun tó bá lé, tirẹ̀ ni. Mo fẹ́ ṣírò kan, àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe ti ọjà kankan. Ká ní ₦150,000 ni wọ́n dá fún un lóṣù. Ká ní irinwó ènìyàn ló ń pàtẹ, tí wọ́n ń san ₦100, tí ọjà sì ń ná lẹ́ẹ̀mẹfà lóṣù. Ìyẹn ti di ₦240,000. Ó san ti káńsù, ₦90,000 kù sọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wá tẹ bébà funfun kan, tó tún já a fún àwọn ènìyàn kan náà, owó náà di ₦480,000, ti káńsù kò sì kúrò ní ₦150,000. Kò sí ibì kankan nínú ìṣirò yìí tí ìgbálẹ̀ ti bá owó pàdé. Bó gbálẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ lé e. Bí kò gbá a, kò pàdánù nǹkan kan.

Àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọkùnrin Lọ́kọ́ja náà mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé fún un, ẹni yẹn nìkan ló ń bẹ̀rù. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ìyá aláta ló rán an níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é nígbà kan. Lẹ́yìn tí a di Ìpínlẹ̀ Kogi ní 1991, tíìpù káńsù kú, wọ́n sì gbé iṣẹ́ pàntí fún ọkùnrin kan tó ní tíìpù méjì. Iye ìrìn tó bá rìn ni wọ́n ń sanwó lé. Ní ààtàn lẹ́yìn ìlú, èmi ni mo ń dúró. Bí tíìpù bá dé, dírẹ́bà á na ìwé pélébé kan sí mi láti ojú fèrèsé, èmi á gun táyà ẹ̀yìn, màá fi ọ̀pá gún ẹrù títí yóò fi kan irin nísàlẹ̀, kí n tó fọwọ́ sí i. Akápò kò ní san kọ́bọ̀ lórí ìrìn tí n kò bá fọwọ́ sí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀pá mi kò kan irin. Ó kan nǹkan líle kan láàárín méjì. Mo ní kí wọ́n da ẹrù náà sílẹ̀: ilẹ̀ pupa ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n kó kún un dé ìdajì, wọ́n wá fi pàntí bò ó lórí. Mo kọ "ààbọ̀" sínú ìwé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kọngílá gbé àkùkọ ńlá kan wá sílé mi, ó ní òun wá kí mi. Mo kí i padà, mo sì dá àkùkọ rẹ̀ padà pẹ̀lú. Ìyàwó mi kò tíì dárí ọ̀rọ̀ àkùkọ yẹn jì mí dòní. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò kó ilẹ̀ pupa mọ́, ìlú wa sì mọ́. Kọngílá kan náà ni o, tíìpù kan náà, dírẹ́bà kan náà.

Lónìí, àwa wolé-wolé tó kù nínú iṣẹ́ kò pọ̀, ìwé pélébé yẹn kò sì sí mọ́. Mo bi ẹnì kan nínú wọn léèrè pé ta ló ń ka ìrìn tíìpù báyìí. Ó ní kọngílá fúnra rẹ̀ ló ń mú iye rẹ̀ wá. Kí n má purọ́, mo rẹ́rìn-ín.

Ilé ìyàgbẹ́ ọjà náà wà lọ́wọ́ kọngílá. Yàrá mẹ́rin ni, mẹ́ta wà ní títì pa. Mo sanwó, mo wọlé, mo jáde. Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún ọ̀wọ̀ àwọn tó bá ń jẹun lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìròyìn yín.

Ti àwọn tó ń fi pákó oníṣó dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́rù wá ńkọ́? Wọ́n á ní káńsù ló gbé e fún àwọn. Òfin kan jáde ní 1998 tó to àwọn owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà, títí kan owó bárò àti kẹ̀kẹ́. Òfin yẹn ní kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ gba owó wọ̀nyí fún ìjọba yàtọ̀ sí ọ́fíìsì tí òfin yàn fún un, àti pé kò sí ẹnikẹ́ni, títí kan ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Ìjọba ológun ló ṣe òfin náà, wọ́n kò sì ṣe é fún ẹnikẹ́ni láti fi ìwé rẹ̀ di gúgúrú. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ju pákó sílẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ta ni yóò ṣe ẹ̀wọ̀n náà nínú wọn.

Ọmọ mi obìnrin kan ń gbé ní England. Ó ní nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí wọn, pé òfin kan ní 1988 fi dandan lé e pé kí àwọn káńsù gbé iṣẹ́ bíi pàntí àti títì gbígbá sí ìdíje. Wọ́n mú dandan náà kúrò ní 2000. Wọ́n ti jìyà kọngílá níbẹ̀ náà: ilé-iṣẹ́ Carillion, tó di iṣẹ́ ìjọba púpọ̀ mú, dẹnu kọlẹ̀ ní January 2018, ìjọba ló sì wá ń wá bí iṣẹ́ kò ṣe ní dúró. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé káńsù ibẹ̀ ní láti gbé ìwé iṣẹ́ kọngílá yòówù tí owó rẹ̀ bá lé ní £5,000 síta, kí gbogbo ayé rí i. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti wá mọ́ tónítóní ni. Ó ní, "Bàbá, a ṣì ń bá wọn jà. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tí à ń bá jà."

N kò nílò England láti rí irú rẹ̀. Ní àdúgbò wa, bọ́ọ̀hóò kan wà tí wọ́n gbé fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan láti máa bójú tó. Iṣẹ́ ìlú tí wọ́n gbé fún ẹlòmíràn ni ìyẹn náà. Ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ, wọ́n fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò. Biro ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè wa ni wọ́n sì fi kọ ọ́: owó tó wọlé lóṣù, owó epo, owó ẹni tó tún páìpù ṣe, èyí tó kù, àti orúkọ ìyá tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Lóṣù kan, iye tó kù kò bá ìṣirò mu. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tó wá pọnmi ló rí i, ó sì sọ ọ́ sókè. Ẹ ò bá rí bí àwọn ìyá ṣe tú ìwé wò lálẹ́ ọjọ́ náà! Àṣìṣe ni, wọn kò jí nǹkan. Wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n tún un kọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìwé ọlọ́rá yẹn lọ. Kí káńsù lẹ ìwé kọngílá mọ́ ara ògiri ọjà, ní Yorùbá: orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́, iye tó ń san tàbí tó ń gbà, ohun tó ní òun yóò ṣe, iye ìgbà tí tíìpù gbọ́dọ̀ wá lọ́sẹ̀. Kí wọ́n má sanwó fún un títí Ìyálọ́jà àti wolé-wolé yóò fi fọwọ́ sí i pé ó wá. Kí ẹni tó ń gbowó ìmọ́tótó sì jẹ́ ẹni tí à ń rí tíìpù rẹ̀. Èyí á gba kọngílá tó jẹ́ olóòótọ́ náà là, nítorí mo mọ ọ̀kan tí káńsù jẹ lówó fún oṣù púpọ̀, tí gbogbo ìlú sì ń pè é lólè. Òun ìbá ti fi ìwé hàn wọ́n.

Ìdí tí mo fi ń kígbe nísinsìnyí ni pé ní July 11, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí ìdájọ́ náà bá ṣẹ tán, owó tó ń wọlé yóò pọ̀, kọngílá yóò sì pọ̀ ju pàntí lọ.

Èmi kò jókòó o. Òfin kan ti wà láti 2011 tó fún ọmọ ìlú láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn. Ní April 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní òfin náà kan ìpínlẹ̀ gbogbo. Torí náà, mo kọ lẹ́tà sí káńsù wa, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀dà ìwé kọngílá ọjà, ti pàntí àti ti ilé ìyàgbẹ́. Akọ̀wé tó gbà á yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ta ló rán yín?" Mo ní ìyá aláta ni. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà mi.

Ọjọ́ keje bọ́ sí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ìyá náà ti ní òun á gbé àpótí ìjókòó òun yá mi. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn ni màá wà.

Èmi ni tiyín,
Wolé-wolé tó ti fẹ̀yìntì,
Ilẹ̀ Okun, Ìpínlẹ̀ Kogi.