Lẹ́tà sí Àdìó nípa John Ross, oníṣòwò Cherokee

Tulsa, Oklahoma

Àdìó, ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjà o, o kú wàhálà àwọn oníbàárà. Ṣé ara Ìyá ti ń le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́.

O kọ̀wé pé àwọn ará ọjà fẹ́ fi ọ́ ṣe akápò ẹgbẹ́, o wá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni oníṣòwò mọ̀ nípa ká máa ṣe olórí èèyàn. John Ross ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka àwọn lẹ́tà rẹ̀, tí wọ́n kó jọ sínú ìwé ńlá méjì ní 1985. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà ní ìlú Tulsa tí mò ń gbé yìí.

Ọdún 1790 ni wọ́n bí i sáàárín àwọn Cherokee, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ti ń gbé Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, tí ilẹ̀ wọn wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà nígbà náà. Ará Scotland ni bàbá rẹ̀, òwò ló sì ń ṣe. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ẹ̀jẹ̀ Cherokee rẹ̀ ti wá, ọ̀dọ̀ ìyá náà sì ni Cherokee máa ń ka ọmọ sí, nítorí náà ọmọ onílé ni. Nígbà tó dàgbà, ó ṣí ìsọ̀ sí etí odò Tennessee, ó ní ọkọ̀ tó ń kó èèyàn àti ẹrù sọdá, Lewis àbúrò rẹ̀ sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ross's Landing ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ibẹ̀ ló di ìlú Chattanooga lónìí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ̀wé, èdè Cherokee kò tilẹ̀ já gaara lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá ló dúró tì í jù lọ. Wọ́n fi í jẹ olórí àgbà ní 1828, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1866.

Àdìó, wo ohun tí ojú ọkùnrin yìí rí. Ní 1832, ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia fi ilẹ̀ Cherokee ta lọ́tìrì fún àwọn òyìnbó. Nígbà tí Ross ti Washington dé ní 1835, ẹni tó jẹ lọ́tìrì ilé rẹ̀ ló bá nínú ilé. Ó kó ìyàwó àti ọmọ lọ sínú ahéré kékeré kan ní Tennessee. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, àwọn díẹ̀ tí ìlú kò rán níṣẹ́ tọwọ́ bọ̀wé ní New Echota pé àwọn ti gba mílíọ̀nù 5 dọ́là dípò gbogbo ilẹ̀ náà. Ross kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin Àgbà lẹ́yìn náà pé wọ́n ti yọ orúkọ Cherokee kúrò nínú ọmọ aráyé. Ó kó orúkọ èèyàn 15,665 jọ tako àdéhùn náà. Wọn kò dá a lóhùn.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà nìyí. Ní 1838, Ọ̀gágun Winfield Scott kó sójà ìjọba Amẹ́ríkà wọlé, wọ́n ń fi ìbọn lé àwọn èèyàn jáde nílé, wọ́n ń kó wọn sí àgọ́. Ọ̀dá dá, ìgbẹ́ ọ̀rìn wọ àgọ́, ọmọdé ń kú. Nígbà tí Ross rí i pé lílọ sí ìwọ̀-oòrùn, ní òdìkejì odò Mississippi, kò ṣeé yẹ̀ mọ́, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí Cherokee fúnra wọn darí ìrìn àjò náà. Scott gbà, ó ní kí wọ́n mú ìṣírò wá. Ni Ross àtàwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ bá jókòó ti ìwé. Ẹgbẹ̀rún èèyàn, ọjọ́ 80, oúnjẹ ẹnì kan lóòjọ́ ní sẹ́ǹtì 16, kẹ̀kẹ́ ẹrù, ẹṣin, owó ibodè, owó odò, owó dókítà. Wọ́n ṣírò rẹ̀, ó já sí dọ́là 65.88 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Scott ní owó náà ti pọ̀ jù. Wọn kò dín in kù. Ńṣe ni wọ́n tún kọ̀wé padà pé ọṣẹ kò sí nínú ìṣírò náà, èèyàn kò sì lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láìsí ọṣẹ. Wọ́n fi owó ọṣẹ kún un.

Ọṣẹ! Wọ́n ti gba ilẹ̀, wọ́n ti gba ilé, ọkùnrin yìí ṣì ń du ọṣẹ fún àwọn èèyàn rẹ̀, nítorí pé ó ti ta ọjà fún wọn, ó mọ ohun tí ilé kan ń lò láàárín oṣù kan. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ nìyẹn.

Ọ̀wọ́ 13 ló gbéra. Ọjọ́ 80 kò tó fún wọn. Yìnyín dí odò Mississippi, àwọn míì há sí Illinois nínú òtútù. Nǹkan bí 4,000 nínú 16,000 èèyàn ni wọ́n ní ó bá ọ̀ràn náà lọ. Quatie, ìyàwó Ross, kú ní Little Rock ní oṣù Kejì 1839.

Lewis ni wọ́n gbé kọ́ńtíráàtì oúnjẹ náà fún, àwọn èèyàn sì kùn pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń jèrè lórí ìyà ìlú. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Bí àbúrò olórí bá gba iṣẹ́, ìwé ìṣírò gbọ́dọ̀ wà ní gbangba. Tí o bá gba ipò akápò yẹn, má ṣe jẹ́ kí àbúrò rẹ ra ohunkóhun fún ẹgbẹ́.

Nínú ìwé ńlá méjì yẹn, lẹ́tà ìfẹ́ pàápàá wà láàárín ti gbèsè àti ti ìjọba. Bó ṣe ń lọ bá wọn jà ní Washington lórí owó tí wọ́n jẹ Cherokee, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ̀wé sí Mary Stapler, ọmọ ìjọ Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Quaker, láti Delaware. Wọ́n ṣègbéyàwó ní Philadelphia ní oṣù Kẹsàn-án 1844, nígbà tí Ross ti lé ní ọdún 50, tí Mary kò sì tí ì pé 20. Inú ìwé wọ̀nyẹn ni mo ti rí i bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má kọ òun.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi èyí pa mọ́ fún ọ: Ross ní ẹrú, Lewis náà ní. Ìkànìyàn 1835 ka Cherokee 16,542, ó sì ka ẹrú 1,592 sí wọn lọ́rùn. Èèyàn dúdú bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n sì fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà kan náà. Ẹni tó sunkún pé wọ́n yọ òun kúrò nínú ọmọ aráyé ń ka èèyàn mọ́ dúkìá. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá dé ibẹ̀, n kò sì lè fi ọ̀ràn ọṣẹ dárí rẹ̀ jì í. Àdéhùn tí Cherokee bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1866 sọ àwọn tó ti dòmìnira àti ọmọ wọn di ọmọ orílẹ̀-èdè Cherokee, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ ṣì ní láti tún un sọ ní 2017 kó tó fìdí múlẹ̀.

Mo fi ẹ̀dà ìṣírò 1838 náà sínú àpòòwé yìí. Kà á lẹ́sẹẹsẹ, kí o sọ fún mi bóyá ibì kan wà tí ìwọ ìbá ti ṣírò rẹ̀ lọ́nà míì. Bá mi kí Ìyá, bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní