Kí ẹ tó ra bátìrì tuntun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yẹ ẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ìwé ìròyìn wa. Iṣẹ́ ríwáyà ni mò ń ṣe níbí l'Óṣogbo, ohun tó sì mú mi kọ̀wé sí yín ni owó táwọn èèyàn ń ná dànù lórí iná iwájú ọkọ̀ tó ń ṣẹ́jú, èyí tó máa mọ́lẹ̀, tó tún máa ṣú, tó tún máa mọ́lẹ̀, pàápàá téèyàn bá ń wakọ̀ lálẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe bátìrì ló bàjẹ́, kì í ṣe alternator, kì í sì í ṣe gílóòbù. Ẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà láti ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yé mi. Iná ọkọ̀ máa ń jáde látojú pọ́sítíìfù, ó máa gba inú wáyà dé gílóòbù, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ rọ́nà padà sójú nẹ́gátíìfù kí gílóòbù tó lè tàn. Wọn ò fa wáyà ìpadà fún gbogbo nǹkan nínú ọkọ̀, báàdì ọkọ̀ gan-an, irin yẹn, òun ni wáyà ìpadà. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Orí ẹ́ńjìn-síìtì tó jẹ́ rọ́bà ló jókòó lé, rọ́bà kì í sì í gbé iná kọjá, ìdí nìyẹn táwọn tó ṣe ọkọ̀ fi máa ń so wáyà kan mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tó wá dè é mọ́ báàdì, torí ara ẹ́ńjìnnì ni alternator tó ń fún gbogbo ọkọ̀ níná wà. Tí wáyà yẹn bá ti jẹ, tí kọ́pà rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, tí bóòtù tó dè é ti dógùn-ún, iná ò ní rọ́nà padà dáadáa mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń rìn nígboro wa ti pẹ́ láyé, òjò ti pa wọ́n, wọ́n ti fọ ẹ́ńjìnnì wọn lọ́pọ̀ ìgbà ní kááwọ́ọ̀ṣì, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ wáyà nẹ́gátíìfù wò ní tiẹ̀.

Màmá olùkọ́ kan gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ mi láìpẹ́ yìí, ọ̀nà Ìkìrun ni wọ́n máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ti ra bátìrì tuntun, wọ́n ti pààrọ̀ gílóòbù méjèèjì, ẹnì kan sì ti ní kí wọ́n lọ ra alternator. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo tan fúù láìtì, mo tan fáànù AC sí i kí ẹrù iná lè pọ̀, mo wá fi ẹsẹ̀ mítà kan lé nẹ́gátíìfù bátìrì, mo fi èkejì lé irin ojú wáyà dúdú iná iwájú níbi tí wọ́n dè é mọ́ báàdì lẹ́yìn láńpù. Mítà ka 1.3 volt. Kò yẹ kó ju 0.2 lọ rárá. Mo fi sípánà 10 tú bóòtù yẹn, ẹ wá wo ọ̀dà lábẹ́ ojú wáyà! Wọ́n ti ṣe pánẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ yẹn rí, ẹni tó fín ọ̀dà fín in bo ojú ibi tí ẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé, wọ́n sì de wáyà padà lé ọ̀dà lórí, ó wá jẹ́ pé eyín bóòtù nìkan ló ń gbé iná kọjá. Mo fi sándípépà ha á títí irin fi funfun, mo ha ojú wáyà náà, mo dè é le. Mítà ka 0.06. Iná dúró gbọnyin. Màmá ní, “Ọmọ mi, ṣé nǹkan tó ń ṣe é látọjọ́ yìí náà nìyí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Inú mi ò dùn sí owó bátìrì yẹn, torí bátìrì àtijọ́ wọn ò ṣe nǹkan kan.

Ẹni tó bá rò pé volt kan ò tó nǹkan, kó gbọ́ èyí. Gílóòbù iwájú tó wọ́pọ̀ jẹ́ 55 watt, méjèèjì pa pọ̀ máa ń fa bíi 9 amp. Tí ojú ẹ́ẹ̀tì tó dọ̀tí bá ní ìdíwọ́ 0.1 ohm péré, ó ti jẹ tó volt kan mọ́ gílóòbù lẹ́nu nìyẹn. Tí alternator bá sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nǹkan bíi 13.8 sí 14.4 volt ló máa ń gbé jáde, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ gílóòbù máa ń yára ju volt lọ láti lọ sílẹ̀, volt kan tó bá dín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ lọ. Lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán lóru, níbi tí tírélà lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láìtan iná kankan, ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré o.

Àmì ẹ̀ ò le. Tí iná iwájú bá ń ṣẹ́jú tẹ̀lé tíráfíkétọ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá tẹ họ́ọ̀nù tí iná rọ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì tí iná kékeré ẹ̀yìn mìíràn tó yẹ kó kú wá ń tàn yọ́ọ́, ẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ láńpù ẹyọ kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo sókẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bóyá ó ti yọ́, torí àwọn kan máa ń ki gílóòbù 100 watt bọ inú wáyà tí wọ́n ṣe fún 55. Bẹ́líìtì tó ń yọ̀ náà lè fà á, alternator tí dáyóòdù ẹ̀ ti kú náà lè fà á, mi ò ní ẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá, ẹ́ẹ̀tì ni yíyẹ̀wò ẹ̀ rọrùn jù, òun náà ni kò fi bẹ́ẹ̀ gbówó lórí.

Ẹni tó bá fẹ́ fún ọkọ̀ ẹ̀ ní ẹ́ẹ̀tì tó lágbára sí i, kó má yọ ti àtilẹ̀wá o, kó fi kún un ni. Wáyà kọ́pà tó nípọn, ó kéré tán 16mm², ọ̀kan láti nẹ́gátíìfù bátìrì lọ sí báàdì, ọ̀kan láti nẹ́gátíìfù lọ sí ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan láti ẹ́ńjìnnì sí báàdì, kó sì fa èyí tó kéré díẹ̀ lọ síbi ẹ́ẹ̀tì láńpù. Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà náà kẹ́ ẹ tó sanwó, èyí tó pọ́n lójú tó wá funfun nínú, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi kọ́pà bò, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Nẹ́gátíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà lẹ máa dè gbẹ̀yìn, torí tí sípánà bá kan báàdì nígbà tẹ́ ẹ ń tú pọ́sítíìfù, iná máa ta. Tẹ́ ẹ bá ti ha irin tán, tẹ́ ẹ dè é, ẹ wá fi gírísì pa á lókè kí omi má baà wọ ibẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan ní nǹkan dúdú kékeré kan lórí nẹ́gátíìfù tó ń ka bátìrì, ẹ má so wáyà tuntun mọ́ orí bátìrì tààrà nínú irú ọkọ̀ yẹn, ẹ lọ so ó sí báàdì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ ò ní mọ iye iná tó ń jáde mọ́.

Ẹ̀yin ará wa ríwáyà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bẹ̀ jù. Tẹ́sítà oní-gílóòbù kékeré yẹn nìkan ò tó. Iná tó ń fà kéré débi pé ẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ tán ṣì máa tàn án rokoso, mítà tó ń dún píì náà máa ń tàn wá jẹ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹrù iná bá wà lórí ẹ̀ lòótọ́ tó máa hàn, iná iwájú, fáànù, gbogbo ẹ̀ ní títàn. Mo sì fẹ́ káwọn àgbà ẹgbẹ́ wa l'Óṣogbo fi í sínú ohun tí ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gba fírídọ̀mù, kó lè fi mítà wọn ẹ́ẹ̀tì níṣojú ọ̀gá, kó sì sọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́kọ̀ náà, tí ríwáyà bá ní kẹ́ ẹ lọ ra alternator torí iná ń ṣẹ́jú, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ ní kó kọ́kọ́ fi mítà hàn yín, láti nẹ́gátíìfù dé báàdì, láti nẹ́gátíìfù dé ẹ́ńjìnnì, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí gbogbo iná wà ní títàn. Tó bá ti ju 0.2 lọ, ẹ jẹ́ kó ha ẹ́ẹ̀tì ná, owó yín ṣì wà lápò.

Èmi ni tiyín,
Ríwáyà kan ní Òṣogbo