Evelyn Preer Lorúkọ Rẹ̀, Ẹ Kọ Ọ́ Síbẹ̀

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi mú báírò, mi ò sì ní fi bò fún yín. Ọ̀rọ̀ ètò sinimá ọjọ́ Sátidé tó kọjá níhìn-ín ní Chicago ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí mọ èyí tí mò ń wí, èyí tí wọ́n ti ń polongo láti bí oṣù kan pé ká wá wo fíìmù tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí ṣe ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ká jókòó pọ̀, àwa Yorùbá àti àwọn tí wọ́n bí síbí. Mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, mi ò fojú kan oorun. Mo wẹ̀, mo mú ọmọ ọmọ mi obìnrin dání, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó fẹ́ràn eré ṣíṣe ju oúnjẹ lọ, a wọ bọ́ọ̀sì méjì nínú òtútù.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti fún wa ní ìwé kan tí wọ́n ká sí méjì. Àwòrán obìnrin kan ló gba iwájú ìwé náà, obìnrin tó rẹwà, tó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é láti ìta ni. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó fi awò sójú. Mo ṣí ìwé náà. Wọ́n kọ orúkọ Oscar Micheaux tó ṣe fíìmù náà gàdàgbà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tó fowó ṣètìlẹ́yìn, mo kà wọ́n, mẹ́sàn-án ni. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ya gbọ̀ngán lò fún wọn. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó se ìrẹsì. Lábẹ́ àwòrán obìnrin yẹn, ohun tí wọ́n kọ ni “òṣèrébìnrin kan nínú fíìmù náà”.

Òṣèrébìnrin kan! Ọmọ ọmọ mi fi ìka sí i, ó ní, “Màmá, ta lèyí?” Mo dá a lóhùn. Ó ní, “Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́?” Ìyẹn ni mi ò rí ìdáhùn sí. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pín ìwé náà sọ̀rọ̀, ọmọ tiwa ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní, “Ẹ má bínú, Mọ́mì, ohun tí wọ́n fún wa láti òkè la tẹ̀.” Ọ̀kan nínú àwọn ará òkè náà wá kọjá, mo dá a dúró, ó ní ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú lápapọ̀ ló ṣe pàtàkì, pé kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Orúkọ ẹnì kan kì í ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ti ẹni tó se ìrẹsì wà níbẹ̀.

Olóòtú, Evelyn Preer ni wọ́n ń pè ní òṣèrébìnrin kan. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ rí. Ìyá àgbà kan tí mo tọ́jú fún ọdún méjì ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún mi, ó ní ìyá òun a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ẹni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá a kiri, tí mo bá ráyè mo máa ń lọ sí ilé ìkàwé, n óò ní kí wọ́n bá mi wá ohun tí wọ́n bá ní lórí rẹ̀. Ohun tí mo rí pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè fi “kan” pè lọ.

Ìlú Vicksburg ní Mississippi ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1896. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú ni ìyá rẹ̀ kó o wá sí Chicago. Chicago yìí náà, níbi tí a ti sọ ọ́ di aláìlórúkọ ní Sátidé! Ní 1919, nígbà tí Micheaux ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, The Homesteader, tó jẹ́ fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí aláwọ̀ dúdú darí ní Amẹ́ríkà, Evelyn Preer ló mú fún ọ̀kan nínú àwọn ipa obìnrin tó ṣe kókó nínú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe Within Our Gates, èyí tí a lọ wò yẹn. Ó ń ṣe Sylvia, olùkọ́ tó fi Gúúsù sílẹ̀ lọ sí Boston láti lọ wá owó, kí ilé ìwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú má bàa kógbá sílé. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là ló ń wá. Wọ́n jí báàgì rẹ̀ gbà lójú pópó, ó ti ọmọdé kan kúrò níwájú mọ́tò, mọ́tò náà gbá òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìparí fíìmù náà lẹni tó bá wò ó kò lè gbàgbé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná sun àwọn tó tọ́ Sylvia dàgbà, tí òyìnbó àgbàlagbà kan sì há a mọ́ inú ilé, tó ń fà á láṣọ ya. Fíìmù náà yóò fi iná hàn wá, yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò tún lọ sídìí iná. Kò sí ohùn kankan, fíìmù aláìfọhùn ni. Obìnrin yẹn ń jà, ó ń sá, ó tún ń jà, titi ọkùnrin náà fi rí àpá kan láyà rẹ̀ tó sì mọ̀ pé ọmọ bíbí inú òun ni. Ọmọ ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, kò jù ú sílẹ̀ títí iná gbọ̀ngán fi tàn. Ojú àti ara Evelyn Preer ló ṣe gbogbo ìyẹn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, kò sí fíìmù.

Chicago ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rògbòdìyàn àárín òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú ti oṣù July 1919 ni, tí ẹni méjìdínlógójì kú nínú rẹ̀, nígbà tí fíìmù yẹn dé iwájú àwọn tó ń yẹ fíìmù wò kí wọ́n tó gbà pé kí aráàlú wò ó. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n. Àwọn tó ṣe é kò fà sẹ́yìn, Evelyn Preer náà kò fà sẹ́yìn.

Kì í sì í ṣe fíìmù nìkan ló ṣe. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ẹgbẹ́ eré wa ṣe ń káàkiri láyé Hubert Ògúndé yóò mọ irú iṣẹ́ tí mò ń wí. Ẹgbẹ́ Lafayette Players, tí Anita Bush dá sílẹ̀ ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, lọ́dún 1915, ni Evelyn Preer bá ṣiṣẹ́ títí ẹgbẹ́ náà fi tú ká. Kì í ṣe kí wọ́n kun ojú, kí wọ́n máa ṣe bí ọ̀dẹ̀ kí òyìnbó lè rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń ṣe. Eré gidi ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó rò pé àwọn nìkan ló lè ṣe é, eré tuntun lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀rọ̀ eré kan ni wọ́n ń sọ lálẹ́, tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń há sórí lọ́sàn-án. Inú ẹgbẹ́ yìí náà ni ọkọ rẹ̀, Edward Thompson, wà. Ní 1923 ó ṣe eré Salome dé Broadway, ibi tí àwọn ilé eré ńlá New York wà. Ní 1926 wọ́n mú un sínú Lulu Belle, ní Broadway náà, eré tó dá lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú. Òyìnbó ni wọ́n kó ipa obìnrin náà fún, wọ́n kun ìyẹn lójú kó lè dúdú. Ipa kékeré ni wọ́n fún Evelyn Preer tí Ọlọ́run dá ní aláwọ̀ dúdú. Mo kà á, mo pa ìwé náà dé, mo dìde lọ mu omi.

Ní 1928 ó bá ẹgbẹ́ náà lọ sí Los Angeles, ó ṣe eré Rain níbẹ̀, òun ló ṣe Sadie Thompson, obìnrin tí eré náà dá lé lórí. Ó bọ́ sínú fíìmù tó ń fọhùn, ó kọrin sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní 1932 ó ṣe ipa bíńtín nínú Blonde Venus, fíìmù Marlene Dietrich, gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin òyìnbó ayé ìgbà náà, orúkọ tirẹ̀ kò sí lára àwọn orúkọ tí wọ́n kọ sójú fíìmù náà. Ṣé ẹ rí i pé kò bẹ̀rẹ̀ lónìí? Oṣù April ọdún náà ló bí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, obìnrin. Kí oṣù November tó parí, òtútù àyà ti pa á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ọmọ tó fi sílẹ̀ yẹn dàgbà, ó di sístà nínú ìjọ Kátólíìkì, Sister Francesca Thompson, ó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, ìtàn ẹgbẹ́ Lafayette Players ló sì fi ṣe ìwádìí rẹ̀. Ọmọ tí kò dàgbà tó láti rántí ojú ìyá rẹ̀ lọ wá ìyá rẹ̀ kàn nínú ìwé. Àwa tí wọ́n gbé ojú rẹ̀ fún wa lórí ìwé, a kò lè wá orúkọ kan.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé díẹ̀ ló kù kí fíìmù yẹn gan-an má sí láyé. Àwọn tó ń ṣe fíìmù láyé ìjọ́un kò kà á sí nǹkan tó yẹ kéèyàn tọ́jú. Ó máa ń gbiná kíákíá, bí wọ́n bá sì ti wò ó tán, wọ́n á yọ́ ọ kí wọ́n lè rí fàdákà ara rẹ̀ mú. Ìwádìí tí Ilé Ìkówèésí Ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 fi hàn pé nínú nǹkan bí 11,000 fíìmù gígùn aláìfọhùn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ yìí, nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló ti sọnù pátápátá. The Homesteader wà nínú èyí tó sọnù. Within Our Gates pẹ̀lú sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé wọ́n rí ẹ̀dà kan ní Madrid, ní ilẹ̀ Sípéènì, La Negra ni wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀. Èdè Sípéènì ni wọ́n ní láti túmọ̀ padà kí wọ́n tó lè mọ ohun tí Sylvia ń sọ. Nínú gbogbo fíìmù aláìfọhùn tí Micheaux ṣe, mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù, èyí nìkan ni Evelyn Preer sì wà nínú rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí nìkan, ẹ jọ̀ọ́! Iná kò jó o, wọn ò yọ́ ọ, ó la òkun kọjá padà wálé, ó dé ọwọ́ wa, a wá kọ “òṣèrébìnrin kan” sí i lábẹ́.

Àwọn tó wà nípò lórí irú ètò báyìí, níbí àti níbòmíràn, iṣẹ́ wọn ti sú mi. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé béèrè owó, wọ́n mọ ẹni tó yẹ kó jókòó síwájú, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bá ya fọ́tò. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó wà nínú fíìmù tí wọ́n ń fi hàn, wọ́n á ní ìtàn lápapọ̀ ni.

Mo ní ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ní Sátidé yẹn, onígángan wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti sanwó fún un. Bí àwọn tó fowó ṣètìlẹ́yìn ṣe ń wọlé ló ń fi ìlù pè wọ́n lórúkọ, ó ń kì wọ́n, inú wọn ń dùn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Onígángan yìí ni mo fẹ́. Kí wọ́n tó pa iná, kó dúró níwájú, kó fi ìlù pe orúkọ àwọn òṣèré fíìmù náà níkọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan sì máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kí ẹni náà má ṣe jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ará òkè o. Kí wọ́n lo àwọn ọmọ wa. Ní oṣù kan ṣáájú, kí wọ́n pín àwọn òṣèré fún àwọn ọmọ, òṣèré kan fún ọmọ kan. Kí ọmọ náà lọ sí ilé ìkàwé, kó wá ibi tí wọ́n bí ẹni rẹ̀ sí, eré tó ṣe, ibi tó kú sí. Ìṣẹ́jú méjì péré ni kó fi sọ ọ́. Ìlù á pe orúkọ, ọmọ á sọ̀rọ̀, àwòrán ẹni náà á wà lójú ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Bí òṣèré bá jẹ́ mẹ́wàá, ogún ìṣẹ́jú ni, a sì dúró ju ìyẹn lọ ní Sátidé kí àwọn àlejò pàtàkì tó dé. Kí orúkọ wọn wà lójú ìwé àkọ́kọ́, kí ti àwọn olówó tẹ̀ lé e. Ọmọ ọmọ mi ti ní òun máa gba Evelyn Preer, kí wọ́n má fún ẹlòmíràn.

Kí ẹni tó bá ní páálí fíìmù àtijọ́ nínú àjà ilé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kó o lọ sí ilé ìkówèésí. Kí àwọn ilé ìwé pẹ̀lú máa fi fíìmù yìí han àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀.

Wọ́n ní àwọn tún máa fi fíìmù náà hàn ní ìparí oṣù yìí, mo sì gbọ́ pé ìwé ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n tún fẹ́ pín, pé ó ṣẹ́ kù púpọ̀. Kí wọ́n má pín in. Bí owó ìtẹ̀wé bá le, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá fún mi, adírẹ́sì mi wà lọ́wọ́ yín. Èmi àti ọmọ ọmọ mi á jókòó tì í pẹ̀lú báírò. Ó ti ṣe tiwa ná: ó fa igi lé “òṣèrébìnrin kan” lórí, ó kọ Evelyn Preer sí i lábẹ́, ó sì fi lẹ́ ara ògiri yàrá rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín ní Chicago