Iṣẹ́ réèlì Sátidé yìí o

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Sátidé yìí la máa to réèlì kékeré yẹn, ojú irin fún ọkọ̀ ojú irin ìṣeré, sára ògiri pálọ̀ ní Bódìjà, ẹni tó bá ní dírílì jọ̀ọ́ kó gbé e dání. Réèlì HO ni (orúkọ ìwọ̀n ẹ̀ nìyẹn), 1:87, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 87 tóbi jù ú lọ, àárín irin méjèèjì ò ju mílímítà 16.5 lọ, tí pákó tá a máa tò ó lé bá fi lè wọ́ pẹ́nrẹ́n báyìí ọkọ̀ á yẹ̀ lójú irin ni, torí náà kẹ́ni kẹ́ni má lọ ra pákó tútù lọ́jà pákó o, plywood ni kẹ́ ẹ rà. Iná DC (irú ti bátìrì) 12 volts ló ń lò, ẹ má ki wáyà ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì NEPA tààrà (mo mọ àwọn tí mò ń bá wí). Ibi mélòó kan la máa fi léèdì (òjé) jó wáyà mọ́ réèlì, torí iná máa ń rẹ̀ tó bá ti jìnnà. Onílé lóun ò fẹ́ ihò yannayànna lára ògiri òun. Ẹni tó ń bọ̀ kó kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀, àmàlà wà.