Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Omi Gọ́tà Ẹ́sítéètì Yín Ló Ń Dá Òórùn Sílẹ̀ Ní Oko Adìyẹ

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ tó kọ́lé tà fún wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí a ra ilé ní apá ìsàlẹ̀ ẹ́sítéètì, níbi tó ti bá oko adìyẹ àti oko ẹlẹ́dẹ̀ pààlà, la kọ ìwé yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ráhùn òórùn ní ọ́fíìsì yín, èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: àgbẹ̀ ló fà á, ẹ sì ti kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n lé e kúrò. A ò fara mọ́ ọn. Oko náà ti wà kí katapílà yín tó dé ibẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ló sì ti ọwọ́ yín wá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi òjò. Gọ́tà méjèèjì tí ẹ là sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, oko adìyẹ ni wọ́n dojú kọ. Nígbà tí koríko ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ ló ń fa omi mu. Ní báyìí tó ti di òrùlé àti kọnkéré, gbogbo rẹ̀ ló ń ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń gba abẹ́ ògiri wọ ilé adìyẹ. Èérún pákó tí wọ́n tẹ́ fún adìyẹ, omi inú rẹ̀ kò yẹ kó ju ìdá 20 sí 25 nínú 100 lọ. Tó bá ti kọjá 30, àwọn kòkòrò àìfojúrí á túbọ̀ máa sọ ìgbẹ́ di amóníà, òórùn tó ń ta ni lójú, tó ń há ni lọ́fun. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un, kí ẹ ṣí ọwọ́. Tó bá rọra fọ́n ká, ó dáa. Tó bá dì gbagidi tí kò tú, omi ti pọ̀ jù. Ẹ ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kọjú sí gọ́tà yín, kí ẹ tún ṣe é ní apá kejì ilé adìyẹ kan náà.

Ibi tó rin yẹn náà ni eṣinṣin ń yé sí. Abo kan lè yé tó ẹyin 500. Nígbà ooru, ọjọ́ 7 sí 10 ti tó kí ẹyin di ìdin, kí ìdin sì di eṣinṣin tó ń fò. Oògùn tí ẹ ń rán èèyàn wá fọ́n sí yàrá wa kò kan ìdin rárá. Èyí tó ń fò nìkan ló ń pa, òmíràn á sì dé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Gọ́tà ni kí ẹ yí padà.

Ògiri gíga tí ẹ mọ sún mọ́ ilé adìyẹ tún dá kún un. Ilé tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá ló ń mú ara tu adìyẹ, òun náà ló ń gbẹ èérún pákó. Ẹ ti dí i. Igi ló yẹ kó wà níbẹ̀, ìlà méjì tàbí mẹ́ta, kí ó jìnnà tó mítà 15 ó kéré tán sí ilé adìyẹ, kí ewé wọn lè máa gba eruku tó ń gbé òórùn káàkiri. Ó máa ń gba ọdún mélòó kan kí igi tó ga, nítorí náà, kí ẹ gbìn ín lọ́dún yìí.

Bí ẹ ṣe ta ilé náà ló dùn wá jù. Ọ̀sán gangan lẹ máa ń mú oníbàárà wá wò ó. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ á máa gòkè, òórùn á sì fọ́n ká. Tí oòrùn bá ti wọ̀, afẹ́fẹ́ tútù á rọ̀ mọ́lẹ̀, á máa ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀, á sì gbé òórùn dání títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ilé wa ló wà níbi tó rẹlẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tí ẹ mú wá lálẹ́, kò sì sí ìwé àdéhùn kankan tó dárúkọ oko.

Wáyà ọgbà tó já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni kò ṣeé fi jáfara. Ojú ìgbẹ́ yẹn ti gbẹ, ó jọ ilẹ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ omi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá tẹ̀ ẹ́ á rì. Gáàsì tó wà nínú rẹ̀, háídrójìn sọ́fáìdì, máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tó bá kéré. Tó bá pọ̀, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, èèyàn á kàn ṣubú ni. Ìgbà tí wọ́n bá ń ro kòtò, ìyẹn ni pé kí wọ́n po ìgbẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó fà á jáde, ni gáàsì yìí máa ń tú jáde jù. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ yín kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ sínú rẹ̀ láti yọ ẹlòmíràn, torí ibẹ̀ lòun náà máa kú sí.

Ẹ̀bi àwa olùgbé náà wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi í sínú òfin ẹ́sítéètì: kí ajá má jẹ̀ kiri, kí ẹnikẹ́ni má yin báńgà lápá ibẹ̀. Tí ẹ̀rù bá ba adìyẹ lóru, igun kan ni wọ́n ń sá jọ sí, àwọn tó wà lókè á sì tẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ pa.

Ní 1972, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà, dá irú ẹjọ́ yìí láàárín Spur Industries tó ń sin màlúù àti Del E. Webb tó ń kọ́lé tà. Màlúù ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ilé ló ń sún mọ́ ọn. Ilé ẹjọ́ ní kí màlúù kúrò nítorí àwọn tó ti ń gbébẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tó kọ́lé san owó ìkólọ fún ọlọ́sìn. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ kí wọ́n lé àgbẹ̀ yìí, ẹ má fi orúkọ wa kọ̀wé, kí ẹ sì ti máa ṣírò owó tí ẹ máa san fún un.

Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ẹ darí omi gọ́tà sí adágún tí ẹ máa gbẹ́ sórí ilẹ̀ tiyín. Kí ẹ wó apá ògiri tó dí afẹ́fẹ́, kí ẹ sì gbin igi. Kí ẹ má ta àwọn púlọ́ọ̀tì tó kù lẹ́bàá oko fún ilé gbígbé. Kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ oko sínú ìwé àdéhùn gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà. Kí ẹ sì bá àgbẹ̀ jókòó kó lè máa sọ ọjọ́ tó fẹ́ ro kòtò fún wa ṣáájú.

A ń retí èsì yín lórí ìwé láàárín ọjọ́ 14, pẹ̀lú ọjọ́ tí iṣẹ́ gọ́tà máa bẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe wáyà ẹ̀gbẹ́ kòtò kò gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀la.

Àwa tiyín,
Àwọn onílé apá ìsàlẹ̀